Ta Ló San Owó Agbára Yẹn?

Ní ọdún 1954, Amos Tútùọlá gbé ìwé rẹ̀ kejì jáde, My Life in the Bush of Ghosts. Nínú ìwé yẹn, obìnrin iwin kan yọ sí ọmọkùnrin tó ti sọnù sínú igbó, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fún un, ọmọ náà sì rí ìyá rẹ̀ àti àwọn ará ilé rẹ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́ náà bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Kò sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kankan ní Nàìjíríà nígbà yẹn. 31 oṣù Ọ̀wàrà 1959 ni WNTV ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì láti Mile 2 lọ sí Okokomaiko l'Èkó lálẹ́ lónìí yóò rí i pé àtẹ́lẹwọ́ gbogbo èrò ọkọ̀ ló ń tàn. Ṣùgbọ́n iwin Tútùọlá kì í fi nǹkan hàn lọ́fẹ̀ẹ́. Egbò bò ó látòkè délẹ̀, ohun tó sì fẹ́ ni pé kí ọmọ náà máa fi ahọ́n lá egbò yẹn lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́wàá gbáko.

Ohun tí mo fi ń wọn gbogbo eré sáyẹ́ǹsì àti gbogbo eré tí wọ́n yọ látinú kọ́míìkì nìyẹn. Agbára tí ẹ gbé jáde yìí, ta ló san owó rẹ̀? Àwọn ọ̀dọ́ tó ń jiyàn níwájú géètì yunifásítì LASU ní ìbéèrè tiwọn: ṣé Superman ló lágbára jù ni àbí Goku, ṣé fíìmù yìí tẹ̀lé ìwé àbí kò tẹ̀lé e. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n eré lè tẹ̀lé ìwé láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn kó má sì níyọ̀ lẹ́nu. Ẹ wo kọ́míìkì Watchmen. Fíìmù tí Zack Snyder ṣe ní 2009 fẹ́rẹ̀ẹ́ da àwòrán inú ìwé kọ lọ́kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ mo wò ó tán, ọkàn mi ò gbé. Èyí tí HBO ṣe ní 2019, apá mẹ́sàn-án péré, fi ìtàn inú ìwé sílẹ̀, ó lọ bẹ̀rẹ̀ láti Tulsa ní 1921, nígbà tí àwọn aláwọ̀ funfun dáná sun àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú. Akọni abojú àkọ́kọ́ nínú eré yẹn wá di ọlọ́pàá aláwọ̀ dúdú kan tó ń kun àyíká ojú rẹ̀ ní ẹfun kó tó dé ìbòjú, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ àwọ̀ ara rẹ̀. Ó rí agbára gbà, ojú ara rẹ̀ ló fi san án. Nínú gbogbo ohun tí mo ti wò, n kò tíì rí èyí tó dára jù ú lọ.

Ní Ọjọ́, ládùúgbò wa l'Èkó, ni wọ́n ti ń ta àwọn eré wọ̀nyí fún wa, àní ibẹ̀ ni ìdajì Nàìjíríà ti ń rà wọ́n. Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó wọ́pọ̀, ọjà Alábà International tó wà níbẹ̀ ló ń bọ́ gbogbo wa. Síìdì kan ṣoṣo, fíìmù mẹ́wàá tàbí ogún ló wà nínú rẹ̀. Lára páálí rẹ̀, orí Jet Li wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí Superman, orúkọ síríìsì kan sì wà lábẹ́ àwòrán òmíràn. O lè gbé Smallville, síríìsì ìgbà èwe Superman, délé kí o rí i pé apá keje fò lọ sí ìkẹsàn-án, kí lẹ́tà àwọn ará Ṣáínà máa sáré kọjá nísàlẹ̀, kí NEPA sì mú iná lọ bí Clark ṣe ń bọ́ ṣáàtì rẹ̀. Lóde òní, fíláàṣì ló gba ipò síìdì. O gbé e fún ọmọkùnrin tó jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní Ìyànà Ìbà, o ní kó bá ẹ kó sísìn tuntun sí i, o sanwó, o bá tìẹ lọ. Nínú owó yẹn, kọ́bọ̀ kan kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ eré náà. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń béèrè ẹni tó sanwó, ẹ jẹ́ ká rántí pé àwa náà ò tíì san tiwa.

N ó sáré kọjá lórí àwọn tilẹ̀ òkèèrè, nítorí pé àwọn kọ́ ni mo dúró sọ. Smallville, ọdún mẹ́wàá gbáko láti 2001 dé 2011, dára nígbà tí Clark ṣì ń pàdánù ọ̀rẹ́ nítorí àṣírí rẹ̀. Nígbà tó yá, kò pàdánù nǹkan kan mọ́, oorun sì ń kun èèyàn. Heroes mú ayé lójú ní 2006, ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn òǹkọ̀wé eré ní Amẹ́ríkà gé sísìn kejì rẹ̀ kúrú, kò sì gbádùn mọ́ láti ìgbà náà títí wọ́n fi sin ín ní 2010. The Flash ni mo kórìíra jù nínú gbogbo èyí tí mo wò parí. Gbogbo gbèsè tí Barry, akọni rẹ̀, bá jẹ, eré sísá míràn ló fi ń san án. The Boys ni tèmi: àwọn òbí gba owó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, wọ́n jẹ́ kí wọ́n fún ọmọ wọn jòjòló ní abẹ́rẹ́ oògùn agbára, wọ́n wá sọ fún ọmọ náà pé Ọlọ́run ló fún un. Ẹni tó mọ bí nǹkan ṣe ń lọ nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan ládùúgbò wa yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì dákẹ́. Invincible náà, kátúùnù ni, ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá di ọmọ rẹ̀ mú sójú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀, tí èrò inú ọkọ̀ náà sì ń kú lójú wa, kò sí ẹni tó jẹ́ wí pé eré ọmọdé ni mọ́.

Ẹ jẹ́ ká bọ̀ sílé. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àná ni akọni kọ́míìkì ọmọ Nàìjíríà dáyé. Láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni wọ́n ti ń ta Powerman níbí, kọ́míìkì tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọjà Nàìjíríà, akọni rẹ̀ sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó méjì ló ń gbà á yà lọ́wọ́ ara wọn, Dave Gibbons àti Brian Bolland. Gibbons yìí kan náà ló padà ya Watchmen ní 1986. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún Powerman tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní láti yí orúkọ rẹ̀ padà sí Powerbolt, nítorí pé Marvel ti ní Power Man tirẹ̀, ìyẹn Luke Cage, tí Netflix sọ di síríìsì ní 2016. Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe pọ̀ tó. Akọni tí wọ́n yà fún ọmọ Èkó di ìpìlẹ̀ iṣẹ́ fún àwọn tó wá di ọ̀gá láyé, àwa ò sì rí nǹkan kan mú níbẹ̀ ju ìwé tí eku jẹ.

Èyí tó jẹ́ tiwa pátápátá ni Atọ́ka. Àwọn tó ti dàgbà mọ̀ ọ́n. Ìwé àwòrán ni, ṣùgbọ́n fọ́tò ni wọ́n fi ń ṣe é: àwọn òṣèré tíátà alárìnkiri yóò wọ aṣọ eré, wọn yóò dúró níwájú kámẹ́rà ní ìran kọ̀ọ̀kan, wọn yóò wá kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sára fọ́tò ní èdè Yorùbá. Ilé iṣẹ́ West African Book Publishers ló ń tẹ̀ ẹ́, Ṣẹ́gun Ṣófowótẹ̀ sì jẹ́ olóòtú rẹ̀. Lónìí, inú kọ́míìkì ni wọ́n ti ń yọ eré; nígbà yẹn, láti orí ìtàgé ni eré ti ń wọ inú kọ́míìkì. Iṣẹ́ yíyí ìwé padà sí eré náà kò ṣàjèjì sí àwọn bàbá wa. Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé The Palm-Wine Drinkard ti Tútùọlá sórí ìtàgé lédè Yorùbá, ará Ìbàdàn sì ya lọ wò ó. Nígbà ọdún àṣà FESTAC ní 1977, eré tí Nàìjíríà gbé kalẹ̀ ni Langbodo, tí Wálé Ògúnyẹmí yọ látinú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà. Ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn àlejò ọdún yẹn ṣì wà lójú ọ̀nà tí à ń gbà lọ sí Okokomaiko, èrò inú bọ́ọ̀sì ṣì ń pè é ní Fẹ́sítáàkì láì rántí ohun tó bí orúkọ náà.

Mo ń pe Fágúnwà ní baba eré akọni, ẹ má sì bá mi jiyàn. Àwọn ọdẹ inú ìwé yẹn ju Avengers lọ: ọ̀kan gbóyà, ọ̀kan ní ohùn tí ẹranko ń jó sí, ọ̀kan lọ́gbọ́n lórí. Ṣùgbọ́n kí Kákò tó bá wọn lọ sí Òkè Lángbòdó, obìnrin tó fẹ́ fẹ́ dì mọ́ ọn, kò fẹ́ kó lọ, Kákò sì yọ àdá sí i. Fágúnwà kò fi ibẹ̀ pamọ́, kò sì bẹ̀ wá pé ká dárí jì í. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo pa ìwé dé. N kò tíì rí fíìmù Marvel kan tó jẹ́ kí n pa tẹlifíṣọ̀n.

Ìyẹn mú mi dé orí Marvel àti Èkó. Ní 2016, ìjà ńlá àkọ́kọ́ nínú Captain America: Civil War ṣẹlẹ̀ ní Èkó, ìyẹn ni pé wọ́n kọ Èkó sójú fíìmù, Atlanta ni wọ́n ti yà á. Àwọn Avengers jà nínú ọjà, bọ́ǹbù kan sì fẹ́ bú, Wanda, ọ̀kan nínú wọn, gbé e sókè, ó bú mọ́ ara ilé gogoro kan. Ìyókù fíìmù náà jẹ́ àríyànjiyàn lórí àwọn tó kú. Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò dáadáa. Àwọn ará Wakanda tó wà nínú ilé yẹn ni wọ́n dárúkọ, ọba Wakanda ló ṣọ̀fọ̀. Wakanda tí kò sí láyé rí ẹni sunkún fún un. Èkó tó wà láyé kò rí. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, nínú síríìsì WandaVision, wọ́n ṣe ìpolówó ọjà àwàdà kan, bébà ìnulẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ Lagos sí, fún ẹni tó bá da nǹkan sílẹ̀ láì mọ̀ọ́mọ̀. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, n kò purọ́. Ẹni tó kọ ọ́ gbọ́n, nítorí pé ó jẹ́wọ́ ohun tí fíìmù àkọ́kọ́ fi pamọ́: Èkó ni aṣọ ìnulẹ̀.

District 9 tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ fún wa, ó sì jẹ́ fíìmù tó dára. Ní 2009, Dora Akúnyìlí tó jẹ́ mínísítà ètò ìròyìn ní kí àwọn sinimá má ṣe gbé e mọ́, ó sì ní kí ilé iṣẹ́ tó ṣe é tọrọ àforíjì. Wọ́n fi àwọn ọmọ Nàìjíríà hàn bí ọ̀daràn tó ń jẹ ẹran ara àwọn àjèjì láti òfuurufú kí wọ́n lè gba agbára wọn, wọ́n sì pe ọ̀gá wọn ní Obesandjo, ẹ gbọ́ bí orúkọ náà ṣe ń dún. Akúnyìlí jàre. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé wọn kò tilẹ̀ mọ bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Oògùn tí kò ní èèwọ̀, tí kò ní ètùtù, tí èèyàn kàn ń jẹ bí ẹran ṣúyà, babaláwo wo ló ṣe é?

Èyí tí àwa fúnra wa kọ́kọ́ gbìyànjú, ó kọsẹ̀. Kájọlà, fíìmù Níyì Akínmọ́láyàn tó jáde ní 2010, gbé Èkó lọ sí ọdún 2059. Àwọn olówó kó sí Erékùṣù Èkó, wọ́n pa Mainland tì. Àwọn tó wò ó kò dá a sí, kò sì pẹ́ ní sinimá rárá. Àwòrán kọ̀ǹpútà rẹ̀ ju owó àti irinṣẹ́ tó wà nígbà yẹn lọ. Síbẹ̀, nínú gbogbo fíìmù Nàìjíríà ìgbà yẹn, èmi mọ iye rẹ̀, nítorí pé ó béèrè ìbéèrè tó tọ́: ta ni yóò kù lẹ́yìn afárá? Akínmọ́láyàn kò sì sá. Ilé iṣẹ́ rẹ̀, Anthill, ló ya Malika sí kátúùnù ní 2019 látinú kọ́míìkì Royè Òkúpè.

Láàárín Kájọlà àti Malika, àwọn ọmọ tó dàgbà pẹ̀lú síìdì Alábà ti bẹ̀rẹ̀ sí dá tiwọn sílẹ̀. Ayọ̀délé Elégbà bẹ̀rẹ̀ àpéjọ Lagos Comic Con ní 2012. Ilé iṣẹ́ Comic Republic dé ní 2013 pẹ̀lú àwọn akọni bíi Guardian Prime àti Ìrètí. Òkúpè, tó ti kó lọ sí Amẹ́ríkà, tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn òǹkàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti gbé kọ́míìkì E.X.O. jáde ní 2015. Wálé Williams ni akọni rẹ̀, ìlú rẹ̀ ń jẹ́ Lagoon City, ọdún 2025 ni wọ́n fi í sí. 2025 ti dé, ó ti kọjá, ẹnikẹ́ni ò tíì fò kọjá orí Ìyànà Ìbà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ń sọ, Atọ́ka kò sì rí àrólé. Mo mọ̀ pé ọjà ló fa èyí. Ó ṣì ń dùn mí.

Wàyí o, kátúùnù Iwájú. Àwọn mẹ́ta tó ni ilé iṣẹ́ Kugali, Olúfikáyọ̀ Adéọlá, Tolú Olówófóyèkù àti Hamid Ibrahim ọmọ Uganda, ti sọ fún BBC ní 2019 pé àwọn yóò na Disney nílé, Áfíríkà nìyẹn. Disney gbọ́, ó sì ránṣẹ́ pè wọ́n. Oṣù Èrèlé 2024 ni apá mẹ́fà rẹ̀ jáde lórí Disney+, ìkànnì tí kò tíì sí ní Nàìjíríà nígbà náà. Ìyẹn nìkan tó ká fi ọwọ́ lẹ́rán: eré Èkó, nígbà tó kọ́kọ́ jáde, àwa ará Èkó ò lè san owó rẹ̀ níbẹ̀ bí a tilẹ̀ fẹ́. Fíláàṣì ló gbà wá.

Eré náà rẹwà. Tọ́lá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọmọ olówó Erékùṣù. Bàbá rẹ̀, Túndé, ṣe alángbá ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Òtin láti máa ṣọ́ ọ. Kọ́lé, ọ̀rẹ́ rẹ̀, jẹ́ ọmọ Mainland tó kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́ ẹ̀rọ. Bọ́dé ni ọ̀daràn tó ń jí ọmọ olówó gbé. Ọkọ̀ ń fò, ọmọ Èkó ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ Èkó. Ohun tó wù mí jù ni alángbá yẹn, nítorí pé òyìnbó yóò ti fi ajá ṣe é. Ẹni tó mọ ògiri ilé wa ló mọ̀ pé alángbá ni ẹ̀ṣọ́ tó yẹ. Kọ́lé náà dá mi lójú, mo mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo jókòó ní Ọjọ́ ń wo eré yẹn, ìbéèrè mi kò sì fi mí sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ tó ń dán níbẹ̀, nígbà tí wọ́n bá kú, ibo ni wọ́n ń sin wọ́n sí? Ẹ wá sí Alábà kí n fi hàn yín. Ọmọkùnrin kan tẹrí ba sórí bọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n tí ilẹ̀ òkèèrè ti jù nù, ó fi bulówà yọ́ òjé ara rẹ̀, ó fi bíríọ́ọ̀ṣì ìfọyín nù ún, ó gbé ẹ̀yà kan tí kò tó hóró ìrẹsì kúrò lára òkú kan, ó gbé e sára èkejì, ó tẹ súìsì. Iná pupa tàn. Kò rẹ́rìn-ín, ó ti mú òmíràn. Èyí tí kò bá jí, àwọn ọmọ kọ́ńdẹ́ẹ̀mù yóò gbé e lọ, wọn yóò dáná sun wáyà rẹ̀ kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀ tà, èéfín dúdú yóò sì wọ inú ẹni tó ń sun ún kó tó dé ojú ọ̀run. Ní 2005, àjọ Basel Action Network kọ ọ́ jáde pé nǹkan bí 500 kọ̀ntéénà irú ẹrù yìí ló ń wọ Èkó lóṣooṣù, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò sì ṣe é tún ṣe. Kọ́lé inú Iwájú ní láti ti ibì kan kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ yẹn sì gbọ́dọ̀ rùn. Wọ́n fi òṣì Mainland hàn wá, wọ́n gbàgbé láti fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Kò sí ẹnì kankan tó ń sun wáyà nínú Iwájú.

Ní ti ọkọ̀ tó ń fò, ará Okokomaiko kò béèrè tó bẹ́ẹ̀. Láti 2009 ni ìjọba ti ń fẹ ojú ọ̀nà Àgbádárìgì. Ọkọ̀ ojú irin tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ wa láti Marina bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ 2023, ó sì dúró ní Mile 2. Ẹni tó bá fẹ́ kọ eré sáyẹ́ǹsì nípa wa lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtì afárá tó ń wo ojú wa yẹn.

Lẹ́yìn Iwájú ni Iyanu jáde ní Cartoon Network ní oṣù Igbe 2025, Òkúpè ló ni ìwé rẹ̀, Dark Horse ló tẹ̀ ẹ́, ilé iṣẹ́ Lion Forge ló bá a ṣe kátúùnù rẹ̀. Ọmọ òrukàn ni Ìyanu ní ìlú Elu, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn àti ọgbọ́n àtijọ́ kí agbára tó jí nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn rẹ̀, èmi náà kò kórìíra rẹ̀; aṣọ wọn tọ́, ilé wọn tọ́, gèlè wọn tọ́. Agbára yẹn ló rọrùn jù lójú mi. Ó ń yọ bí omi ẹ̀rọ. Ẹ fi wé Moremi, fíìmù kékeré tí Ṣófẹlá Coker ṣe fún àkójọ Kizazi Moto ní 2023. Níbẹ̀, Mọ́remí di onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ọmọkùnrin kan tó jẹ́ ẹ̀mí sì ní láti kojú àwọn àǹjọ̀nú kó tó lè rántí ohun tí obìnrin yẹn fi rúbọ. Coker mú ìtàn Ifẹ̀, ó tú u palẹ̀, ó tún un tò pẹ̀lú ẹ̀rọ àti ìràwọ̀, síbẹ̀ kò fọwọ́ kan ìṣàn odò Ẹsìnmìrìn: obìnrin kan gba ìlú là, odò sì béèrè ọmọ rẹ̀. Nínú ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ṣe ohun tí Iyanu fi odindi sísìn kan ń wá.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1963 ni Doctor Who ti bẹ̀rẹ̀ lórí BBC, n kò sì kà á sí púpọ̀ rí. Ní 10 oṣù Ẹ̀bìbì 2025, wọ́n gbé apá kan jáde tí Inua Ellams kọ, ọmọ tí wọ́n bí ní Jọs tó dàgbà sí òkè òkun, ẹni tó ti kọ eré orí ìtàgé kan tẹ́lẹ̀ nípa àwọn ṣọ́ọ̀bù bábà káàkiri Áfíríkà. Dókítà, tí Ncuti Gatwa ń ṣe nígbà náà, wọ ṣọ́ọ̀bù bábà ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Èkó. Àwọn oníbàárà ti há síbẹ̀. Bí wọ́n bá ti gẹ irun wọn, ó ń hù padà, ẹni tó jókòó sórí àga sì gbọ́dọ̀ sọ ìtàn, ìtàn náà ló sì ń gbé ẹ̀rọ kan ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn aláǹtakùn ńlá tó ń rìn nínú òfuurufú. Níta, ìwé ìkéde àwọn tó sọnù ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri.

Wales ni wọ́n ti yà á, ọjà tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ sì mọ́ jù, èèyàn ò fi èjìká gbá èèyàn níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹni tó kọ inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ti jókòó sí irú rẹ̀ rí. Mo mọ̀ ọ́n nítorí tiwa tó wà ní Okokomaiko: ìwé onírúurú irun orí tó ti ṣá lára ògiri, kílípà tó ń gbóná mọ́ èèyàn létí, sípíríìtì tó ń ta ni lórí tuntun, jẹnẹrétọ̀ tó ń ké níta, àti àgbà kan tí kò wá gẹrun rárá tó ti ń sọ ìtàn ogun Ojúkwu láti àárọ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ìtàn àgbà yẹn ni ṣọ́ọ̀bù fi ń rí oníbàárà. Ellams mọ̀ ọ́n, ó sì sọ ọ́ di epo ẹ̀rọ. Àwọn ọkùnrin Èkó ń sọ ìtàn, ẹlòmíràn ń fi í rìn kiri ayé, àwọn ò lè jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wo bí ilé iṣẹ́ ńlá ṣe ń ra kọ́míìkì wa yóò mọ ohun tí ọkùnrin yìí ń sọ, bóyá ó gbèrò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kò gbèrò rẹ̀.

Ó ku àwọn tó ń bọ̀. Children of Blood and Bone, ìwé Tómi Adéyẹmí tó jáde ní 2018, ti di fíìmù lọ́wọ́ Paramount, wọ́n ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2027 la ó rí i. South Africa ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú rẹ̀. N ó wò ó. Inú ìwé náà, agbára kò rọrùn, wọ́n ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún nítorí rẹ̀, ìdí tí mo fi ní ìrètí nìyẹn. Who Fears Death ti Nnedi Okorafor, tí ìròyìn jáde ní 2017 pé HBO fẹ́ sọ di síríìsì, a ò rí i sójú títí di òní.

Èyí tí mo fẹ́ gan-an, tí n bá ní owó, ni Rosewater. Tádé Thompson, tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù fún òbí Yorùbá tó sì dàgbà ní Nàìjíríà, kọ ọ́ ní 2016, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Arthur C. Clarke ní 2019. Ọdún 2066 ni, ohun àjèjì kan ti rì sínú ilẹ̀ Nàìjíríà, òrùlé rìbìtì rẹ̀ sì yọ síta. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó ń ṣí, gbogbo aláìsàn tó bá wà nítòsí a sì rí ìwòsàn. Èèyàn wá rọ́ lọ síbẹ̀, wọ́n kọ́ ahéré, ahéré di ilé, ilé di ìlú. Ṣùgbọ́n ìwòsàn náà kì í bọ́ síbi tó yẹ nígbà gbogbo: òkú a máa dìde láì ní ọkàn, àwọn ẹ̀ṣọ́ a sì máa yìnbọn pa wọ́n lẹ́yìn ọdún. Kaaro, tó jẹ́ olórí ìtàn, ti jalè rí, ìjọba ló ń lò ó báyìí, kò sì fẹ́ràn ẹnikẹ́ni. Kò sí akọni nínú rẹ̀. Owó ni gbogbo rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ yà á, kó má lọ sí Atlanta, kó má lọ sí Wales. Ilẹ̀ wà ní Ìbà, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìṣẹrí, níbi tí ìlú ti yọ láàárín ọdún díẹ̀ láì sí ẹni tó yàwòrán rẹ̀. Àwọn ọmọ LASU yóò ṣe èrò tó ń rọ́ lọ síbi ìwòsàn, Alábà yóò kó ẹ̀rọ òkú wá. Kí wọ́n ṣáà lọ rí àwọn ọmọ onílẹ̀ kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà sílẹ̀, nítorí pé wọn yóò gba owó ìdúró, wọn yóò gba owó ìwọlé, wọn yóò sì tún gba owó lórí ohun tó já bọ́ láti ọ̀run.